Àṣẹ Ló Mú Dígí Tẹ́jú

Òkè Mudo ga tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó bá kọ́kọ́ gùn ún gbọ́dọ̀ jókòó kó mí kanlẹ̀ kó tó lè kí ẹnikẹ́ni. Èyí kò kan Don Baltazar Echavarri Solar. Òun ti ga ju òkè náà lọ láti Santiago kó tó wọ ọkọ̀, nígbà tó sì dé gẹ́gẹ́ bí Olùdarí Àgbà ilé awòràwọ̀ wa, ńṣe ló wo ọ̀run lókè, tó wo aṣálẹ̀ nísàlẹ̀, tó sì mi orí bí onílé tó wá yẹ yàrá ayálégbé wò. Ó ní ibẹ̀ dára, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí Don Baltazar ń wá, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí má baà máa fura sí i lásán. Àga ló ń wá. Àga Alága Àjọ Awòràwọ̀ gbogbo Chile ni, ó wà ní Santiago, awọ ni wọ́n fi bò ó, ó sì ní ibi tí a ń gbé apá lé lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó ń jókòó lórí rẹ̀ ti darúgbó, ó sì ti sọ pé òun fẹ́ lọ máa tọ́jú àjàrà òun. Mínísítà Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ni yóò yan arọ́pò rẹ̀. Don Baltazar ti dán àga náà wò lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá, ó sì bá a mu wẹ́kú. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n máa ń fẹ́ kí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ ti rí nǹkan kan lójú ọ̀run, Don Baltazar kò sì tíì rí nǹkan kan rí, àfi àléébù àwọn ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ wa lórí òkè yẹn kò ṣòroó ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló nira. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn gbọnrangandan, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, àfi ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó délé tó wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ohun tí ènìyàn bá wò láti òdìkejì iná ìdáná ṣe máa ń gbọ̀n. Nítorí náà a ní ojú ìṣọ́ kan nínú awò ńlá wa, tó ń wo bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ṣe wọ́, tó sì ń ta dígí kékeré kan lólobó. Dígí yìí ní ìka rẹpẹtẹ lẹ́yìn. Àwọn ìka náà á tì í jáde níhìn-ín, wọ́n á fà á wọlé lọ́hùn-ún, kó lè wọ́ sí òdìkejì ibi tí ìmọ́lẹ̀ wọ́ sí. Wíwọ́ á pa wíwọ́, ìmọ́lẹ̀ á sì padà gún. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá dé ìràwọ̀ náà ní fìlà kékeré kan kí ó má baà fọ́ wa lójú, a ó sì máa wá àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń yí i ká, ìyẹn àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í ju bàìbàì lọ.

Àṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fojú di nínú iṣẹ́ yìí. Lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá ń lọ sílé, tí a ti mu tíì tí a sì ti fi píà gígún jẹ búrẹ́dì, wọ́n á tan àtùpà kékeré kan nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n á sì fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò dígí, títí yóò fi tẹ́jú. Òtútù àti ooru máa ń yí i padà díẹ̀díẹ̀. Dígí tó tẹ́jú lánàá lè má tẹ́jú lónìí, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a lọ̀ lánàá ṣe lè ti rún kí ilẹ̀ òní tó mọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Don Baltazar pàdé ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ́ràn. Ó wọ yàrá ìṣàkóso, ó rí i lójú kọ̀ǹpútà tó tóbi jù, ní lẹ́tà gàdàgbà: ÀṢÌṢE, nọ́mbà sì tẹ̀ lé e. Ojú ìṣọ́ ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣì wọ́ tó. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó yan Don Baltazar, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Don Baltazar dúró níwájú rẹ̀, ó sì béèrè pé àṣìṣe ta ni.

Dókítà Yasna Godoy tó ń bójú tó dígí náà ló dá a lóhùn. Ọmọ Tierra Amarilla ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé ilé. Ó ní kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni, ti afẹ́fẹ́ ni, ti ẹ̀rọ ni, gbogbo ilé awòràwọ̀ láyé ló ní in.

“Tèmi ò ní ní in,” ni Olùdarí Àgbà wí.

Don Nibaldo Carvacho, igbákejì rẹ̀, wà nítòsí. Ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ni Nibaldo, ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti pinnu pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ títí di ọjọ́ náà.

“Olùdarí Àgbà, ẹ jẹ́ ká yí orúkọ ẹ̀ padà,” ni ó wí. “Ẹni tó bá ń pe nǹkan ní àṣìṣe ló ń sọ ọ́ di àṣìṣe.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ ÀṢEYỌRÍ sípò rẹ̀, nọ́mbà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn mọ́ lórí òkè, ìbáà jẹ́ nílé ìdáná. Nígbà tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa jáde wá, ó ní ká má bínú, òun ti ṣe àṣeyọrí nínú ìkòkò.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá parọ́rọ́ tí ìmọ́lẹ̀ gún régé, àṣeyọrí á kéré, Don Baltazar á sì fajú ro. Ṣùgbọ́n tí ìjì bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn òkè Andes, tí ìràwọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, àṣeyọrí á fò sókè, Olùdarí Àgbà á sì bu wáìnì fún gbogbo ènìyàn. Ó kọ̀wé sí Santiago pé láti ìgbà tí òun ti dé, àṣeyọrí Òkè Mudo ti di ìlọ́po mẹ́ta. Santiago kò béèrè pé àṣeyọrí kí ni. Wọ́n kí i kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó kan dígí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Don Baltazar bá Yasna nídìí àtùpà, ó bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń mú dígí tẹ́jú ni. Don Baltazar ní ṣé kò tẹ́jú lánàá ni. Yasna ní ó tẹ́jú lánàá. Olùdarí Àgbà ronú sí ọ̀rọ̀ yìí di alẹ́, nígbà tó sì di òwúrọ̀, ó pàṣẹ pé òun fúnra òun ni yóò mú un tẹ́jú, ní gbangba, pẹ̀lú ètò tó yẹ.

Ètò náà kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ onífèrè àwọn panápaná gun òkè wá láti Copiapó, a sì ní láti fún méjì nínú wọn ní afẹ́fẹ́ inú ìgò kí wọ́n tó lè fọn nǹkan kan. Fadá wá pẹ̀lú omi mímọ́, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má wọ̀n ọ́n sára ẹ̀rọ. Àwọn awakọ̀, àwọn alásè àti àwọn awòràwọ̀ tí wọ́n jí lójú oorun ni èrò ìwòran. Yasna ló ti ṣe gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀. Bọ́tìnnì kan ló kù, Don Baltazar sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa, ó wá kọjú sí wa.

“Ẹ̀yin ọmọ Chile,” ni ó bẹ̀rẹ̀, “láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe dígí ni dígí ti ń wọ́. Wọ́n á mú un tẹ́jú lónìí, á tún wọ́ lọ́la. Kí ló fà á? Kò tíì rí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ ni. Lónìí, ó ti rí i. Mo ní kó tẹ́jú, ó sì tẹ́jú. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Fadá, mo bẹ̀ yín, ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń ṣèrìbọmi fún ọmọ kan náà?”

Fadá ní rárá, ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sì parọ́. Nibaldo bẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ́wọ́, àwọn panápaná fọn fèrè, wọ́n ṣí aṣọ lójú pátákó idẹ kan tí wọ́n kọ ÌTẸ́JÚ ECHAVARRI sí. Bí dígí ṣe rí ní ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni kọ̀ǹpútà yóò máa gbà pé ó tẹ́jú títí láé. Wọ́n fi aṣọ bo bọ́tìnnì àtùpà, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ dè é.

Yasna ní, “Olùdarí, ìgbà òtútù ń bọ̀. Dígí ò gbọ́ àṣẹ o, òtútù ló ń gbọ́.”

Olùdarí Àgbà ní kó lọ sọ fún òtútù nígbà náà. Ó wá ní kó fi dígí sílẹ̀ ná, kó lọ máa to àga àlejò. Àga náà ló tò títí wọ́n fi rí i pé kò sí ẹlòmíràn tó lè tan ẹ̀rọ, wọ́n sì dá a padà láìsọ̀rọ̀.

Òtútù dé bí ó ṣe máa ń dé. Omi dì nínú páìpù, àwọn guanaco, ẹran ìgbẹ́ orí òkè wa, sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, dígí náà sì yí díẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà gbà pé ó tẹ́jú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá fìlà, ó ń tàn yí i ká, àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké sì ń jáde nínú àwòrán. Ẹlẹ́tàn la máa ń pè wọ́n, nítorí wọ́n jọ pílánẹ́ẹ̀tì bí ìbejì. Ọ̀kan wà lápá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú, Don Baltazar wọlé pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Wọ́n ń wo ìràwọ̀ kan ní apá gúúsù, tí wọ́n kàn ń fi nọ́mbà pè. Olùdarí Àgbà rí àmì ìmọ́lẹ̀ náà. Ó gbé ife sílẹ̀.

“Kí nìyẹn?”

Nibaldo mọ ohun tó jẹ́. Ó ti kọ́ ọmọ ilé ìwé bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó rí àga aláwọ níbẹ̀ kedere, ó sì rántí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

“Ohun tí Olùdarí Àgbà bá rí ni,” ni ó wí.

Yasna ní kí wọ́n dúró kí ọ̀run yí ná. Àṣà tiwa náà nìyẹn. Ọ̀run kì í dúró lójú kan lókè orí wa, pílánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọmọ ìràwọ̀ lóòótọ́ á sì máa bá ọ̀run yí nínú àwòrán. Ohun tó bá dúró lójú kan, inú ẹ̀rọ tiwa ló ti wá. Don Baltazar gbà láti dúró. Wọ́n gbé tíì míràn wá fún un. Ọ̀run yí, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó wà ní etí àwòrán yí, gbogbo nǹkan kúrò ní ipò wọn. Àmì náà kò mira.

“Ó dúró ṣinṣin,” ni Don Baltazar wí. “Gbogbo ọ̀run ń yí, òun nìkan ló dúró.”

“Ó mọ ẹni tó rí òun ni,” ni Nibaldo wí.

Yasna ní ohun tó dúró yẹn, tiwa ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun tan àtùpà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Olùdarí Àgbà dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan àtùpà yẹn, ọjọ́ náà ni yóò kó ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Yasna dákẹ́. Kò mọ́ ọn lára, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ara rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Chile ti gbọ́ nípa pílánẹ́ẹ̀tì Echavarri. Ìyá Don Baltazar san owó ìsìn ìdúpẹ́ ní Santiago, ó sì fi tó àwọn aládùúgbò létí pé láti kékeré ni ọmọ òun ti máa ń wo òkè. Ilé búrẹ́dì kan ní Copiapó bẹ̀rẹ̀ sí í dín empanada, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran sínú, ní róbótó, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, ó sì dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mínísítà tẹ̀ wá láago. Ó ní òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun rí i, orí òkè náà lòun yóò sì ti kéde ẹni tí yóò gba àga.

Don Baltazar kò sùn dáadáa mọ́. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ, wọ́n kun àtẹ̀gùn, wọ́n ní kí àwọn awòràwọ̀ gẹ irùngbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ń fi ìrẹ̀lẹ̀ dánra wò níwájú dígí ilé ìwẹ̀. “Ẹ ti gbé mi ga jù,” ni ó máa ń sọ fún un, á sì tẹrí ba díẹ̀. Tó bá rí i pé ó tẹ̀ jù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mínísítà Ximena Alquinta jẹ́ obìnrin kúkúrú tó ń wọ awò ojú. Ó ti ṣe olùkọ́ ní Chañaral fún ìgbà pípẹ́ kó tó bọ́ sínú ìjọba. Ó dé bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nítorí bàtà rẹ̀ ní eruku, ó sì jókòó síbi tí wọn kò fi sí i. Don Baltazar kí i káàbọ̀ lọ́rọ̀ gígùn. Ó mẹ́nu ba àwọn baba ńlá orílẹ̀-èdè, ó mẹ́nu ba àwọn baba ńlá tirẹ̀, ó ní ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀.

“Mínísítà,” ni ó fi parí rẹ̀, “ìràwọ̀ yẹn ò mọ̀ pé òun bímọ títí mo fi sọ fún un.”

Mínísítà ní ó dáa, kí wọ́n fi ọmọ náà han òun. Ṣùgbọ́n ìkùukùu tín-ín-rín kan ti bo apá gúúsù, wọ́n sì ní láti dúró. Ó ní kí wọ́n má jókòó lásán, kí wọ́n fi ìràwọ̀ èyíkéyìí hàn án ná, kó lè rí bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà lókè orí wọn gan-an ńkọ́?

Don Baltazar rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì juwọ́ sí Yasna. Awò ńlá yí, ojú ìṣọ́ mú ìràwọ̀, dígí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fìlà bo ìràwọ̀. Àwòrán jáde. Lápá òkè, lọ́wọ́ ọ̀tún, pílánẹ́ẹ̀tì kan jókòó síbẹ̀.

Don Baltazar mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bí ìyá ṣe ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò. Ibi tó máa ń wà ló wà, ó sì tàn bó ṣe máa ń tàn.

“Ṣé òun náà nìyí, Olùdarí?” ni mínísítà béèrè.

“Rárá o, Mínísítà. Òmíràn ni. Ẹ̀yin lẹ mú un wá, ẹsẹ̀ yín ló dáa. A ó máa pè é ní Alquinta.”

Nibaldo pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì bá a pa á. Inú mínísítà dùn díẹ̀, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ó ní kí wọ́n tún yí i sí òmíràn. Wọ́n yí i. Àwòrán jáde, lápá òkè, lọ́wọ́ ọ̀tún. Don Baltazar ní Ọlọ́run fẹ́ràn Chile ju bí òun ti rò lọ, ó sì fi pílánẹ́ẹ̀tì kẹta ta Ààrẹ lọ́rẹ. Òógùn ti ń bọ̀ lọ́rùn rẹ̀, nínú yàrá tí gbogbo wa ti wọ ẹ̀wù òtútù. Ìkùukùu wá ká kúrò ní gúúsù, wọ́n yí awò padà sí ìràwọ̀ tó mú gbogbo wa jókòó, ọmọ tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wí.

“Ìdílé mẹ́ta,” ni mínísítà wí. “Ọmọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn sì jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún ìyá wọn.”

“Ẹ̀kọ́ ilé ni, Mínísítà,” ni Don Baltazar dáhùn.

Mínísítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìborùn nù ún, kò yára.

“Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Chañaral, tí mo bá ti rí àbààwọ́n kan náà lójú gbogbo ọmọ kíláàsì, awò ojú mi ni mo máa ń nù.” Ó wọ̀ ọ́ padà, ó wo Yasna. “Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá tiyín ló dọ̀tí?”

“Àtùpà kan wà nínú ẹ̀rọ, Mà,” ni Yasna wí. “A máa ń wò ó bí ẹni ń wo ìràwọ̀. Àtùpà ò lè bímọ. Àmọ́ wọ́n ti fi òǹtẹ̀ dè é, Olùdarí nìkan ló lè ní ká tú u.”

Gbogbo ojú yí sí Don Baltazar. Bí ó ti jẹ́ onígbéraga tó, kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì ti mọ̀ nísinsìnyí ohun tí àtùpà yóò sọ. Ó rí àga náà níwájú rẹ̀, awọ rẹ̀ ń dán. Bó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ ọ́, bóyá mínísítà ì bá rẹ́rìn-ín, bóyá ì bá tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti lé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí òkè. Ó wá a lẹ́nu, kò rí i.

“Ẹ tàn án,” ni ó wí. “A ò ní ohun tí à ń bò.”

Yasna tú òǹtẹ̀, ó ká aṣọ kúrò, ó tan àtùpà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn awò ńlá kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run kankan má baà wọlé. Wọ́n dé àtùpà ní fìlà. Àwòrán jáde. Àtùpà ní ọmọ kan, lápá òkè, lọ́wọ́ ọ̀tún.

Nibaldo pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ kó tó ronú, ó sì ti pa á títí kó tó gbọ́ pé òun nìkan ni. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì wo ilẹ̀.

“Èyí ńkọ́, Olùdarí?” ni mínísítà béèrè. “Orúkọ wo la ó sọ ọ́?”

“A ó… a ó máa ṣèwádìí rẹ̀ lọ́wọ́ ná.”

Mínísítà mi orí bí ẹni tó gba ìdáhùn. Ojú rẹ̀ wá lọ sí kọ̀ǹpútà ńlá, níbi tí ÀṢEYỌRÍ àti nọ́mbà rẹ̀ wà. Ó ní wọ́n máa ń ka àṣeyọrí yìí fún òun ní Santiago, ṣùgbọ́n òun kò tíì béèrè rí, àṣeyọrí kí ni gan-an? Yasna ló wá sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ orúkọ òkú.

Mínísítà tún nọ́mbà náà wò. “A sì ti kí yín kú iṣẹ́,” ni ó wí. Ó mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì, ó yin ìyá tó ń se oúnjẹ, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò dárúkọ àga. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé wọ́n ti gbé e fún obìnrin kan ní Antofagasta tó ń wádìí eruku. Wọ́n ní kí Don Baltazar padà sí Santiago, wọn yóò wá iṣẹ́ fún un níbi tí kò ti ní fọwọ́ kan nǹkan.

Ọjọ́ tó ń lọ, awakọ̀ rẹ̀ ní òun kò ní fi ebi wakọ̀, Don Baltazar sì ní láti dúró dè é nínú ẹ̀wù ìrìn àjò rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Ó kọjá lẹ́bàá yàrá ìṣàkóso, ó rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Yasna ti tan àtùpà, dígí sì ti tẹ́jú, wọ́n sì ti yí awò sí ìràwọ̀ gúúsù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tó dìde fún un. Kì í ṣe àfojúdi, wọn kò rí i ni. Gbogbo wọn ti kórí jọ sídìí kọ̀ǹpútà kan.

Ó wọlé, ó wò ó láti ẹ̀yìn wọn. Ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lẹ́bàá fìlà ti lọ, òkùnkùn ibẹ̀ mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣófo yẹn, nǹkan kan wà tó bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń dúró kí ọ̀run yí. Don Baltazar dúró pẹ̀lú wọn, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀run yí, ohun bàìbàì náà sì bá a yí, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Yasna ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn àwọn. Ó sún àga rẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

“Ó kéré,” ni Don Baltazar wí.

“Bí wọ́n ṣe máa ń kéré nìyẹn, Olùdarí.”

Ó bi í pé láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀. Yasna wo ojú rẹ̀, ó wá àánú díẹ̀ tó lè fi kún ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n kò rí èyí tí kò ní di irọ́.

“Ó wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí,” ni ó wí. “Tiyín ló tàn bò ó.”

Awakọ̀ ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀ tipẹ́. Don Baltazar kò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà náà títí wọ́n fi wá pè é.